Ajíbójò Inú Páálí

Yàrá kẹta lápá òsì, níbi tí káńfọ̀ ti ń rùn ju ewé lọ,
ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́:
kọ́bọ́ọ̀dù onírin méje, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo.
Wọ́n ní kí n ṣe àdàkọ àkọsílẹ̀ òdòdó kan
kí ikán tó jẹ ẹ́ tán.

Páálí mọ́kànlá.
Òdòdó orí àpáta ni, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ,
orúkọ rẹ̀ ní Látìn gùn ju gbòǹgbò rẹ̀.
Ìyá mi àgbà kò gbọ́ Látìn.
Ajíbójò ló ń pè é,
torí òjò àkọ́rọ̀ kì í tíì kanlẹ̀ tán
tí yóò fi yọjú.

Páálí kìíní, tàdáwà dúdú:
"Orí àpáta, apá àríwá ìlú. Ó pọ̀ bí eṣú."
Ìkẹrin: "A rí i káàkiri."
Ìkeje: "Díẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta."
Ìkẹwàá: "Ẹyọ méjì.
A já ọ̀kan."

Mo gbé ìkẹta sí ojú fèrèsé.
Ẹni tó já a: Ọ̀gbẹ́ni Oyèékànmí, ó hàn kedere.
Nísàlẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà:
"Ọmọ ìbílẹ̀ kan ló mú wa gòkè."
Kan.
Bí ẹni ń ka ọmọ àgbàdo.

Ó lórúkọ o. Akàngbé ni, baba ìyá mi,
tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ sí ìdí òkè náà,
tó máa ń sọ fún wa pé òun ru pákó méjì kan rí
tí wọ́n fi okùn dì, tó ń tẹ ewé pẹlẹbẹ bí ìwé;
pé wọ́n fún òun ní ṣílè méjì àti búrẹ́dì,
òkè sì gba sálúbàtà òun, ẹsẹ̀ kan.
A máa ń rẹ́rìn-ín. Irọ́ la pè é.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gun ọ̀kadà débẹ̀.
Kò sí òkè. Kòtò ni, omi tútù yọ̀ọ̀ nínú rẹ̀,
tírélà ń kó òkúta lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe títì.
Awakọ̀ kan bi mí, kí ni mò ń wá?
Mo ní òdòdó.
Ó wò mí títí. "Àǹtí, ṣé kò sí o?"

Gbọningbọnin ni tòkè, ohun tí a fi ń súre fọ́mọ nìyẹn.
N kò mọ èyí tí n ó fi súre mọ́.

Òfin ni: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kún ara páálí.
Mo gbẹ́ pẹ́ńsù.
Mo kọ Akàngbé sókè "kan", mo kọ ọ́ tinrín.

Lára gbòǹgbò tìkọkànlá, iyẹ̀pẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn,
kò ju iyọ̀ ọbẹ̀ ẹnìkan.
Gbogbo òkè tó kù wa nìyẹn.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ àná.
Kí n tó lọ sílé,
n kò ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà pa dé ìdí.