Ẹja Tó Yó Kú

Ní ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́, kí ojúmọ́ tó là dáadáa,
mo ti jókòó ti ọpọ́n mi,
ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, epìyà lọ́wọ́ òsì.
Ìyá mi ló kọ́ mi: ẹja tó yó kú
ni kí o kọ́kọ́ là.
Má wo títóbi, má wo ẹni tó ni ín,
tẹ ikùn ẹ̀ wò.
Èyí tí ebi ń pa nígbà tó wọ àwọ̀n lè dúró dè ọ́ dọ̀sán.
Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán,
oje inú ẹ̀ kò mọ̀ pé onílé ti kú,
iṣẹ́ ló ń ṣe lọ:
ó jẹ oúnjẹ tán, ó jẹ àpò oúnjẹ,
ó jẹ ìhà,
títí ikùn á fi bẹ́ lórí yìnyín.

Ogún ọdún ni mo ti mọ èyí.
N kò mọ̀ pé ènìyàn náà ni.

Lálẹ́ Jímọ́ọ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Wàídì, àbúrò mi,
tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Màrínà.
Inú rírun la pè é. A ò gbọ́ ohun tí à ń fẹnu ara wa sọ,
pé inú ń run lóòótọ́.
Ó gún un lókè ikùn, ó yọ sí i lẹ́yìn,
ó ká kò bí edé inú epo gbígbóná.
Omi iyọ̀, ó bì í. Àgbo, ó bì í.
Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ti ń ka orúkọ
àwọn tó bá a jẹun lọ́sàn-án.

Dókítà Ọnàbámirò ní kí ó dákẹ́.
Ó ya àwòrán sẹ́yìn káàdì:
ẹran kan tó gùn bí ahọ́n, tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù.
Páńkíríásì. Òun ló ń pọn ọ̀bẹ tí ara fi ń gé oúnjẹ,
ẹ́ńsáìmù lorúkọ wọn,
ti ọ̀rá lọ́tọ̀, ti ẹ̀bà lọ́tọ̀,
ṣùgbọ́n èyí tó mú jù, tó ń gé ẹran,
inú àkọ̀ ló ń fi í ránṣẹ́;
àfi tó bá dé ìfun kó tó yọ.
Òkúta kan, kò ju hóró ẹ̀wà lọ,
yọ́ kúrò nínú àpò òróòro, ó dí ẹnu ọ̀nà.
Ọ̀bẹ kan jí sílé.
Ó yọ èkejì lákọ̀, èkejì yọ ẹ̀kẹta.
Wọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹran ni wọ́n bá,
ẹran ni wọ́n ń gé.

Mo ní, "Dókítà, ó tó. Ẹja tó yó kú ni."
Gbogbo wọn wò mí.
Ikú kọ́ ni mo ní lọ́kàn. N kò mọ
bí mo ṣe lè kó ọ̀rọ̀ náà padà.

Wọ́n kọ ọ́ sókè ibùsùn ẹ̀: kò gbọdọ̀ jẹun.
Ààwẹ̀ láìsí Ràmádáánì, kò sí sààrì, kò sí ìṣínu,
omi tó ń kán wọ apá ẹ̀ nìkan.
Kí oúnjẹ má baà pe ọ̀bẹ.
Nọ́ọ̀sì ka èsì ẹ̀jẹ̀: lípéèsì, egbèje ó lé díẹ̀.
"Èló ló yẹ kó jẹ́?" "Kò yẹ kó pé igba."
Mo bi í bóyá wọ́n á la ikùn ẹ̀. Ó ní rárá, kì í ṣe nísinsìnyí,
a ó dúró.
Èmi tí n kì í dúró! Ọwọ́ mi ń yún mi lórí ìjókòó,
ó ń wá ìpẹ́ tí yóò họ.

Lọ́jọ́ karùn-ún ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.
Síbí kan péré, ni wọ́n wí.
Mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó mú un pẹ́, ó gbé e mì.
Lẹ́yìn fèrèsé, ẹnìkan ń din ẹja.
A dákẹ́, èmi àti ẹ̀,
à ń tẹ́tí bóyá nǹkan kan máa jí.