Ìfé Abẹ́ Awọ

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ti irin gbígbóná
ní iléeṣẹ́ irin Òṣogbo.
Irin ń yí, irin ń han gooro,
òwú lásán la fi dí etí.
Lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì pa,
etí tèmi ti tilẹ̀kùn ṣáájú.

Wọ́n là mí lẹ́yìn etí, wọ́n sin ẹ̀rọ síbẹ̀,
kò ju ẹ̀pà méjì lọ.
Mo gbọ́ òjò lórí páànù Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Mo gbọ́ ṣíbí tó ń ha ìdí abọ́.
Mo sunkún, mo sì gbọ́ ẹkún ara mi.

Àfi ìfé.
Ìyá mi ní a kì í súfèé lóru kí ejò má baà wọlé;
èmi kò súfèé, abẹ́ awọ mi ló ń súfèé.
Bí mo bá ti forí lé ìrọ̀rí: fíííí!
Bí Rọ́fíátù bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ mi: fíííí!
Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ.
Mo ta kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.
Ó rò pé òun ni mi ò fẹ́ mọ́.
Ó kó aṣọ ìbora rẹ̀ lọ sí pálọ̀.

Ọ̀ṣunníyì tó ń tún etí ṣe ní Òkè-Fíà so mí mọ́ kọ̀ǹpútà.
"Bàbá, ohùn tí ẹ̀rọ ń tì sínú,
eegun ń gbé e padà fún un.
Ó ń gbọ́ ara rẹ̀, ó rò pé àlejò ni,
ó tún ń pariwo mọ́ ọn."
Mo ní mo mọ alága àdúgbò kan tó rí bẹ́ẹ̀.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wá ìfé náà kiri
bí ẹni ń wá ojú ibi tí òrùlé ti ń jò:
ibi tí omi ti kán kọ́ ló ti wọlé.
Ó rí i. Ó dá ohùn mìíràn sílẹ̀ dè é,
ibi tí tàkọ́kọ́ bá ti ga, tèkejì relẹ̀;
wọ́n forí gbárí, àwọn méjèèjì kú.
"Kò lè tán pátápátá," ó ní.
"Bí mo bá gbé e ga ju báyìí lọ, á tún ké."
Mo ní kó fi í síbẹ̀.

Mo pàdánù ìrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ó dùn mí díẹ̀.

Lóru, iná ti lọ,
mo lọ bá a ní pálọ̀, mo fa orí rẹ̀ mọ́ etí mi.
Mo di ẹ̀ṣẹ́, mò ń retí.
Kò sí nǹkan kan.
Èémí rẹ̀ nìkan, tó ní òórùn orógbó díẹ̀.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:
"Ṣé ẹ ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?"

Mi ò tíì tì í.