Ìràwọ̀ Níwájú Ọ̀rọ̀

Nílé Tíṣà Ọnàfowókàn ní Ẹ̀pẹ́,
níbi tí òórùn ẹja yíyan ti ń wọnú ìwé,
ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn kan wà rí tó ń jẹ́ Gọ́ọ̀tù.
Wọ́n ti lọ. Èdè wọn náà ti lọ.
Kò sẹ́ni tó ń fi í bá ọmọ wí mọ́,
kò sẹ́ni tó ń fi í ná ọjà.
Ohun tó kù jù ni ìwé mímọ́ kan tí kò pé,
tí wọ́n fi fàdákà kọ sórí awọ elésè àlùkò.
"Ẹni tó túmọ̀ Bíbélì fún wọn," Tíṣà ní,
"wọ́n ní ó fo ìwé Àwọn Ọba,
torí ogun ti wà lára àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀,
kò fẹ́ bu epo síná."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Èmi ni mo ń bá a ra kẹrosíìnì nígbà náà,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹrọ̀fọ̀ ò kúrò lẹ́sẹ̀ mi.
A máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sára ilẹ̀kùn:
"atta", bàbá. "wato", omi. "fisks", ẹja.
Ìyá mi àgbà, Múínátù, gbé agbọ̀n kọjá, ó dúró:
"Ta ló ń ta ẹja fún wọn?"
Tíṣà ò lè dáhùn. Ìwé ò sọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan ó kọ "hlaifs", búrẹ́dì,
ó ní kí n pè é. Ahọ́n mi fẹsẹ̀ kọ.
Àfi bí ọmọ Ìdáyàtù ṣe ń kiri bọ̀ láti Ayétòrò:
"Ẹ ra lóòfù o! Ó gbóná!"
Tíṣà fò dìde.
"O gbọ́? Ẹbí ẹ̀ nìyẹn!
Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n.
Ọ̀kan kú sọ́nà jíjìn.
Èkejì wọkọ̀ òyìnbó gúnlẹ̀ sétí ọ̀sà wa,
a so fáwẹ̀lì mọ́ ọn nídìí, ó di ọmọ ilé."
Ó ra mẹ́ta. Kò sì léyín tó máa fi jẹ èèpo rẹ̀.

Àmì kan wà tó fẹ́ràn: ìràwọ̀ kékeré níwájú ọ̀rọ̀.
"Bí o bá rí i, kò sẹ́ni tó bá ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé kankan.
Ipa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ la fi mọ̀
pé ìyá gba ibí kọjá."

Tíṣà ti lọ. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn ọ̀hún lọ́dà búlúù.
Ìyá àgbà náà ti lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ kan dání:
orúkọ tó máa ń pe ọ̀sà
nígbà tí omi bá dákẹ́ ṣáájú òjò,
tí ẹja wẹ́wẹ́ ń fò.
Mo bi àwọn apẹja.
Ọ̀kan ní ó jọ pé "gb" ló fi bẹ̀rẹ̀.
Èkejì ní rárá o. Ẹ̀kẹta ń wo fóònù.
Mo ṣí ojú ewé òfìfo,
mo ya ìràwọ̀ kan,
mo kọ "gb", mo pa á rẹ́.
Lóde, omi ti dákẹ́.