Gba Ọ̀kan

Inú páálí bàtà bàbá wa ni mo kó wọn sí,
bàtà tó ra fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀,
ní òkè àjà, ní Peterhead,
níbi tí òórùn ẹja ti ń bá ènìyàn wọ ibùsùn.
Màmá ti ta ilé. Ẹni tó rà á ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.
Mo gun àkàbà lọ kó ẹrù tó kù,
mo bá jókòó sínú eruku bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Síídì pẹlẹbẹ, olórin kọ̀ọ̀kan,
ike wọn ti sán,
ìlẹ̀mọ́ owó ṣì wà lára wọn: pọ́n-ùn méjì ó dín pẹ́nì kan,
owó tí mo fi ṣọ́ ọmọ Ìyáàfin Buchan
ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì.
Ọdún tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù
pé kọ̀ǹpútà yóò kú lóru ọdún tuntun,
ẹ̀rù tiwa ni kí rédíò má gbàgbé orin wa.
Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú,
Rhona a gbé ìka lé bọ́tìnnì rẹkọ́dà, a sé èémí;
sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a tún sọ̀rọ̀ bo ìparí orin,
Rhona a bú u, a bú ìyá tó bí i,
Màmá a fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà láti ìsàlẹ̀.

Ọkọ̀ mi ti gbó, òun nìkan ló ṣì ń gbé síídì mì.
Mo páàkì síwájú èbúté. Òjò.
Ẹyẹ òkun kan bà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó ń wò mí bí ọlọ́pàá.

Àkọ́kọ́ kò dùn. Kí n má purọ́.
Ìlù rẹ̀ dà bí ẹni ń fi ṣíbí lu bààfù,
imú ni ọmọkùnrin náà fi ń kọrin.
Èmi Ailsa, mo ti sunkún nítorí èyí rí!
Mo ti fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sápá!

Èkejì: kò tíì dé ẹsẹ kìíní
tí ẹsẹ̀ mi ti ń lu búrèkì.

Lẹ́yìn orin gan-an, àtúnlù kan máa ń wà,
ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, tí kò sẹ́ni tó ń dúró gbọ́.
Mo dúró.
Ìlù lásán, ó ń lọ, ó ń lọ
bí ọ̀nà Aberdeen lóru,
títí di ìṣẹ́jú keje, tí obìnrin kan mí kanlẹ̀,
ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni èémí yẹn fi dúró dè mí.

Mo wá ka ìwé kékeré inú ike.
Gba ọkàn, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gba ọkàn, gba ọkàn.
Háà.
Gba ọ̀kan ni àwa ń kọ.
Gba ọ̀kan, gba ọ̀kan,
ní ibùdókọ̀, èmi àti Rhona, ọ̀dùnkún díndín nínú bébà,
fínígà ti rin ín, ó ń jó wa lẹ́nu,
bí ó bá ku ẹyọ kan, a ó bù ú sí méjì.
A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni.

Mo pe Rhona ní Australia. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ̀,
ó ń lọ aṣọ iléèwé ọmọ.
Mo gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀rọ.
Ohùn ń pẹ́ lójú ọ̀nà: mo kọ, ó gbọ́, ó kọ,
tirẹ̀ dé bá mi nígbà tí mo ti kúrò níbẹ̀.
Kò burú. Láti kékeré náà
ni Rhona kì í ti í mọ ìgbà tí wọ́n ń wọlé orin.
Mo sọ ohun tí mo kà fún un.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí áyọ́ọ̀nù ń hó.
“Irọ́ ni,” ó ní. “Àwọn ló ṣì í kọ.
Tún un lù.”

Mo tún un lù.
Ẹyẹ náà ò lọ.