Ilé Wo?

Kọ́kọ́rọ́ méjì ni Helve kó lé mi lọ́wọ́,
ọ̀kan fún yàrá, ọ̀kan fún abà tí wọ́n ń to igi ìdáná sí.
Kò gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀.
Ó nàka sí ààrò gogoro tó wà nínú ògiri,
ó nàka sí irin pelebe kan lọ́rùn ààrò náà,
ó wá dijú, ó gbé orí lé èjìká bí òkú.
Ó yé mi.
Bí mo bá ti irin yẹn kí ẹyinná tó kú tán,
oorun tí mo bá sùn, kò ní jíjí.

Báyìí la ṣe pàdé, èmi àti ìlú Tartu.

Ilé pákó ni, ó dàgbà ju bàbá bàbá mi lọ,
ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Àtẹ̀gùn kẹta máa ń ké bí a bá tẹ̀ ẹ́;
mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fò ó lóru.
Ẹnìkan ti ki òwú sáàárín gíláàsì méjì ojú fèrèsé
kí òtútù má baà ráyè yọ́ wọlé.
Ó yọ́ wọlé náà ṣá.

Ilẹ̀ àbàtà ni mo wá kà nípa rẹ̀,
bí ewéko ṣe ń kú sínú omi dúdú tí kì í jẹrà.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Kaljula ní àbàtà kì í kánjú,
mìlímítà kan lọ́dún ló fi ń ga.
Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Nílé wa, kò sí ohun tí a kì í kí èèyàn fún:
ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró,
ẹni tí kò ṣe nǹkankan rárá, ẹ kú ìsinmi.
Níbí, Aimar tó ń gbé lókè mi
a máa wo bàtà ara rẹ̀ bí a bá pàdé.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bínú sí i nínú mi.
Mo ní àwọ̀ mi ni kò fẹ́ rí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ṣùgbọ́n lówurọ̀ tí yìnyín kọ́kọ́ bo ilẹ̀,
mo ṣílẹ̀kùn, mo bá igi ìdáná apá kan lẹ́nu ọ̀nà,
ó ti là á wẹ́wẹ́.
Kò sí ìwé, kò sí orúkọ.
Bàtà yẹn nìkan ló kọ ara rẹ̀ sínú yìnyín
láti abà dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.
Mo kí ojú ẹsẹ̀ náà: ẹ kú iṣẹ́.

Ààrò kan náà ló ń mú yàrá tèmi àti ti Nestani gbóná,
ọmọ Jọ́jíà tó ń ka ìmọ̀ ìràwọ̀.
Òun ń dáná lónìí, èmi ń dáná lọ́la.
Iná àkọ́kọ́ tí mo dá, èéfín ló fi wá ṣeré;
orí kejì ìwé ìwádìí mi ni mo fi kóná,
àtúnkọ ìgbà kẹta. Ó jó dáadáa,
ó jó ju bó ṣe ṣeé kà lọ.
Nestani wúkọ́ títí, ó bọ́ èèpo igi funfun kan,
*kask*, ó ní, èyí ló ń kọ́kọ́ gbiná.
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní nínú èdè wọn nìyẹn.

Lánàá, mo wà lórí afárá Emajõgi,
odò ìyá ni ìtumọ̀ rẹ̀, nígbà tí ìyá mi pè.
Aago mẹ́rin ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n délé ná, màá pè yín."
Ó dákẹ́.
Mo rò pé ẹ̀rọ ti já.
Ó ní, "Ilé wo?"

Mo sọ fún un pé ọwọ́ ń dùn mí nínú òtútù.

Mo fo àtẹ̀gùn kẹta. Ọjọ́ Nestani ni,
ògiri ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mo fi ẹ̀yìn tì í, n kò bọ́ ẹ̀wù.
Iná aláwọ̀ búlúù kan ṣì ń rìn lórí ẹyinná.
Mo mú irin pelebe, mo tì í díẹ̀,
mo tún fà á padà.
Ó kù díẹ̀.