Ẹgbẹ̀jọ lórí Ẹgbẹ̀rin

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè nígbà kan,
ní Sítéṣàn, Òṣogbo,
Àǹtí Moróhunmúbọ̀ gbé àtùpà lé orí àpótí,
ó pín káàdì: méjì fún mi, méjì fún ara rẹ̀.
Àwọn yòókù ti lọ sùn. Òjò ń lu páànù.
"Ó ku èmi àti ìwọ," ó ní.
"Bí ènìyàn mẹ́fà bá jókòó, ẹnìkan á ní ohun gidi lọ́wọ́.
Bó bá ku méjì, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ní nǹkan kan.
Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fi ń wúwo ju káàdì lọ."

Ó wá sọ ti Tìjání fún mi,
ẹni tó ń ju àsíá kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra:
"Mo fowó sílẹ̀, ó gbà. Mo tún fi sílẹ̀, ó gbà,
kò fi kọ́bọ̀ kún un.
Ẹni tó kọ́lé sìmẹ́ǹtì kì í gbójú sókè wòjò báyẹn.
Ó ti sọ fún mi, láìlanu, pé Kuíìnì méjì lòún ní;
ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan àjà lé orí ara rẹ̀.
Èmi ò ní àjà.
Mo lè wà lókè pátápátá, mo lè wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀,
àárín ni n kò sí.
Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí o kọjá owó tó wà láàrin.
Ṣé ẹgbẹ̀rin náírà ló wà nílẹ̀? Ju ẹgbẹ̀jọ sí i.
Má ju irinwó. Irinwó ni Tìjání ń fẹ́ san.
Pe iye tí á mú un rántí owó ilé-ìwé ọmọ."

Ó tún iná àtùpà ṣe.
"Bó bá jẹ́ òótọ́ nìkan lò ń sọ, wọn á máa sá.
Bó bá jẹ́ irọ́ nìkan, wọn á jẹ ọ́ run.
Ẹgbẹ̀jọ lórí ẹgbẹ̀rin:
òótọ́ mẹ́ta, irọ́ méjì.
Irọ́ náà, fi ẹ̀rí dì í. Bí Éèsì ṣípéètì
bá wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ, kò lè sí lábẹ́ tirẹ̀.
Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú lè ní òun ló nilé."

Mo bi í: ìgbà wo ni n kò gbọdọ̀ dán an wò?
Ó pa ẹ̀fọn kan lójúgun.
"Nígbà tí inú bá ń bí ọ.
Àti fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá.
Onípákó kan wà l'Áyétòrò, á san ẹgbẹ̀jọ
kó ṣáà lè rójú káàdì.
Má parọ́ fún irú wọn. Sọ òótọ́, kí o pariwo rẹ̀."

Ìdájí. Ṣípéètì mẹ́ta nílẹ̀, Éèsì rẹ̀ lọ́wọ́ mi,
kò sí ohun mìíràn.
Ó ti gbà lẹ́ẹ̀mejì láìfọhùn.
Mo rí àjà lórí orí rẹ̀. Mo ka ẹgbẹ̀jọ,
owó ọkọ̀ Ìkìrun wà nínú rẹ̀,
mo tì í síwájú.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Láti ìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo ti kọjá owó àárín.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òótọ́.
Ìwọ lo sọ fún mi. O ń ṣí káàdì, ò ń rẹ́rìn-ín."
Ó ka ẹgbẹ̀jọ tirẹ̀ sílẹ̀,
ó ṣí Méje méjì,
ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó na igba náírà sí mi.
"Owó ọkọ̀ rẹ. Gbèsè ni o."

Mo gba ojú irin lọ síbi ọkọ̀. Koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó.
Mò ń tẹ pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń kà:
òótọ́, òótọ́, òótọ́, irọ́, irọ́,
títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti yọ pákó méjì,
tí n kò sì mọ ibi tí mo kà dé mọ́.