Lẹ́búlẹ́bú Lórí Kóòtù Dúdú

Alẹ́ tí wọ́n bí Merle Dykstra ní Áíówà,
yìnyín bo ọ̀nà, ọkọ̀ kò lè rìn,
dókítà sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Ó gbé ọmọ sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó,
bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́.
Àpótí méjì péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù.
Kálàmù rẹ̀ dúró láàárín méjèèjì
títí tàdáwà fi kán síbẹ̀.

Ó fẹ́ mú ọ̀bẹ. Kó yá kíá, ó ní, kí ọmọ tó mọra rẹ̀.
Harlan, bàbá ọmọ, àgbẹ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
"Ṣé nǹkan ń dun ọmọ náà?"
Rárá.
"Ṣé kò lè tọ̀ ni?"
Ó ń tọ̀ dáadáa.
"Ẹ bá wa fi aṣọ wé e. A fẹ́ máa lọ sílé."

Orúkọ àbúrò ìyá àgbà ni wọ́n sọ ọ́,
orúkọ tí tọkùnrin tobìnrin ń jẹ́ níbẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Ó ń fún ọmọ màlúù ní wàrà,
ó ń sọ bàtà òjò nù sínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nígbà gbogbo.
Èdè tí mo fi ń kọ èyí ṣàánú mi:
"ó" ni mo ń wí, "ó" náà sì tó.
Àwọn ará ibẹ̀ kò ní irú rẹ̀ lẹ́nu;
kí wọ́n tó sọ pé ó ti jẹun,
wọ́n ní láti kọ́kọ́ yàn.

Ta ló tú àṣírí? Bóyá nọ́ọ̀sì iléèwé,
bóyá ẹ̀gbọ́n Joleen, ẹlẹ́nu bí ajere.
Oṣù Keje kò tíì tán tí rédíò ti gbọ́.
Tẹlifíṣọ̀n kan ní òbí burúkú ń sọ akọ di abo.
Èkejì ní akọni ni wọ́n, ó ya ojú ọmọ sára àsíá,
kò bi í bóyá ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ òun.
Ìyípadà wo? Nílé Dykstra, ẹnikẹ́ni kò yí nǹkan kan padà
àfi epo tírákítọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ Rozeboom lu pẹpẹ:
ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kan ara ọmọdé, Olúwa yóò bi í.
Àmín ìjọ mi fèrèsé.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó ní kíṣìnì Joleen, ó ń mu kọfí,
ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ìgbà wo lẹ máa gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ
kí wọ́n bá yín tún un ṣe?"
Ìjọ á dá owó, ó ní.
Alida, ìyá àgbà, tó ti ń gbọ́ ìwàásù láti ọgọ́rin ọdún,
ṣí Ìwé, ó fi ìka rẹ̀ tó ti wọ́ lé ìlà kan,
ibi tí Olúwa fúnra rẹ̀ ti mẹ́nu ba àwọn tí a bí bẹ́ẹ̀.
Kò kà á síta. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife.
Pásítọ̀ wo ìlà náà pẹ́.
Ó ní kọfí ti tutù.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ tẹlifíṣọ̀n dé pẹ̀lú òpó gíga lórí rẹ̀,
àgbàdo ti ga ju ènìyàn lọ.
Oníròyìn wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn,
ó kẹ̀yìn sí oko Harlan nítorí pé oko náà wuni,
ó ní: "Ìṣẹ̀dá kì í purọ́.
Akọ dúró lọ́tọ̀, abo dúró lọ́tọ̀."
Lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ mi oko.
Òdòdó akọ tó wà lórí àgbàdo gbọn lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sílẹ̀
sórí irun abo tó wà ní ìbàdí àgbàdo kan náà,
sórí kóòtù pẹ̀lú, sórí ètè, sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.
Ó sín. Wọ́n tún un yà. Ó tún sín.

Merle jáde láti ẹ̀yìn ọgbà, bàtà kan lẹ́sẹ̀.
Kámẹ́rà yíjú sí i wìì.
Gbogbo wọn ń retí ohun tí yóò sọ nípa ara rẹ̀.
"Ẹ bọ́ kóòtù yẹn," ló wí,
"yóò máa yún yín lọ́rùn títí di alẹ́.
Ẹ sì jọ̀ọ́, ta ló gbé ọkọ̀ lé bàtà mi kejì?"